Bí Ọlọ́run Bá Ti Yàn, Kí Ni Ó Kù fún Wa Láti Yàn?

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn, tí kì í sì í ṣeé dáhùn ní ìdúró. Màmá àgbàlagbà kan láti Surulere ni ó tún mú un wá láìpẹ́ yìí. Ọmọkùnrin wọn, tí ó ti jẹ́ akọrin nínú ìjọ rí, kò wọ ilé Ọlọ́run mọ́ láti ọdún mélòó kan. Màmá ní, "Alàgbà, bóyá Ọlọ́run kò tilẹ̀ yan ọmọ yìí sí ìgbàlà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi, kí n yé da ara mi láàmú."

Ọ̀rọ̀ yíyàn wà nínú Ìwé Mímọ́, a kò sì lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Róòmù 8:29-30 àti Éfésù 1:4-5 sọ ọ́ gbangba pé kí a tó dá ayé ni Ọlọ́run ti yan àwọn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì kan náà ni ó fi ìyè àti ikú síwájú Ísírẹ́lì pé kí wọ́n yan ìyè (Diutarónómì 30:19), òun náà ni ó sì sọ pé Ọlọ́run kò ní inú dídùn sí ikú ènìyàn búburú (Esekíẹ́lì 33:11). Ẹni tí ó bá fẹ́ di ọ̀kan mú yóò ní láti ya ojú ìwé kejì dànù.

Èdè wa fúnra rẹ̀ dá kún ìṣòro náà. Bí Yorùbá bá gbọ́ pé a ti yan ènìyàn tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ orí ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ bá. Nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n E. Bọ́lájí Ìdòwú, tí wọ́n di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà ní 1972, ṣe jáde ní 1962 lórí ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa Olódùmarè, wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn baba wa gbà sọ ọ́: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, èyí tí ó kúnlẹ̀ gbà, àti àyànmọ́, èyí tí a yàn mọ́ ọn. Ẹ kíyè sí i pé nínú ti àkọ́kọ́, ènìyàn ni ó yàn. Ohun tí ó sì ń yàn ni ọlá tàbí òṣì, ọmọ, ẹ̀mí gígùn. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ yàtọ̀. Ọlọ́run ni ó yàn, nínú Kristi ni ó ti yàn, ohun tí ó sì yàn wọ́n sí ni kí wọ́n dàbí Ọmọ rẹ̀. Kò sọ níbì kankan pé a ti yàn án fún ẹnì kan kí ó kọ́lé sí Surulere, kí ẹlòmíràn sì máa háyà yàrá kan ní Mushin títí ayé. Ẹni tí ó bá gba Yaba kọjá ní òru ọjọ́ Ẹtì yóò gbọ́ àdúrà kíkankíkan pé kí ọ̀tá má ṣe yí àyànmọ́ ẹni padà. A kò bú àwọn tí ń gbàdúrà, àwa náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àti owó kọ́ ni Éfésù orí kìn-ín-ní ń sọ.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́, ọmọ Áfíríkà sì ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, tako Pelagius, tí ó ń kọ́ni pé ènìyàn lè fi ìfẹ́-inú tirẹ̀ pa òfin Ọlọ́run mọ́. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó péjọ ní Carthage ní 418 dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi. Ní 529, ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní Orange, ní ilẹ̀ Faransé, gbà pé oore-ọ̀fẹ́ ni ó ń ṣáájú ìgbàgbọ́ wa, ṣùgbọ́n ó tún fi ègún lé ẹni tí ó bá sọ pé Ọlọ́run yan ẹnikẹ́ni sí ibi. Ó ṣe wá láàánú pé apá kejì yìí kì í sábà dé orí àga ìwàásù.

Lẹ́yìn náà ni John Calvin kọ́ni ní Geneva pé Ọlọ́run yan àwọn kan sí ìyè, ó sì yan àwọn mìíràn sí ègbé. Jacobus Arminius ní ilẹ̀ Hólàǹdì kò gbà: ó ní Ọlọ́run mọ ẹni tí yóò gbàgbọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó fi yàn án. Ìgbìmọ̀ Dort dá àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lẹ́bi ní 1618 sí 1619. Síbẹ̀ John Wesley wàásù ní 1739 pé ọ̀fẹ́ ni oore-ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù George Whitefield ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ń jọ́sìn ní Hoares Memorial ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Yaba, ogún Wesley ni ó jẹ. Àwọn Áńgílíkà tí ń lọ sí Bishop Howells Memorial ní Surulere jogún Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ 39. Ìkẹtàdínlógún nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀ yíyàn sí ìyè nìkan, kò dárúkọ yíyàn sí ègbé. Àwọn Kátólíìkì náà jà á láàárín ara wọn. Àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà St. Dominic ní Yaba, àti àwọn Jesuit fà á títí Póòpù Paul Karùn-ún fi ní kí wọ́n dákẹ́ ẹ̀sùn ní 1607, láìdá ẹnikẹ́ni láre.

Ní tiwa, a rò pé ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ràn wá lọ́wọ́ ju ìgbìmọ̀ lọ. Ní 1821 ni a kó wọn lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ ní 1822. Wọ́n di Kristiẹni ní Freetown, wọ́n tún rí ìyá wọn ní Abẹ́òkúta ní 1846, wọ́n sì di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó fún wa ní Bíbélì Yorùbá. Ta ni ó lè sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run kò sí níbẹ̀? Àmọ́ ta ni yóò tìtorí ìyẹn sọ pé àwọn akónilẹ́rú kò jẹ̀bi? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Pétérù ṣe sọ ọ́ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:23. Ó ní nípa ìpinnu Ọlọ́run ni a fi Jésù lé wọn lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ní ọwọ́ àwọn ènìyàn búburú ni wọ́n fi pa á.

Nítorí náà, a kò sọ fún màmá pé a yan ọmọ wọn, a kò sì sọ pé a kò yàn án. A ṣí Róòmù. Pọ́ọ̀lù tí ó kọ orí kẹsàn-án, ibi tí ọ̀rọ̀ yíyàn ti le jù, òun náà ni ó bẹ̀rẹ̀ orí kẹwàá pẹ̀lú àdúrà kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè rí ìgbàlà. Bí ó bá rò pé yíyàn ti sé ilẹ̀kùn, kí ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún?

Màmá ní kí a tún un kà fún àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé àdúrà ọjọ́ Ọjọ́rú, kí a sì bá àwọn bẹ ọ̀gá akọrin kí ó pè é. A ti kọ ọ́, ọ̀gá akọrin sì ti gba nọ́ńbà rẹ̀.