Àwòṣe Ọkọ̀ Ogun Tiger 131
Ike, gúlúù, ọ̀dà, eruku aláwọ̀, pẹ́ńsù. Ìwọ̀n: 1/35

Ilé iṣẹ́ Henschel ló kan táǹkì gidi tí wọ́n wò ṣe èyí, ní Kassel, ilẹ̀ Jámánì, ní oṣù kejì ọdún 1943. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní Tùnísíà: ọta há sí ìdí ilé ìbọn rẹ̀, kò lè yí mọ́, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sá jáde.

Ọkọ̀ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò ní ráyè dípẹtà. Eruku ló pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ wo etí ìlẹ̀kùn òkè: fóòmù kékeré ni wọ́n fi tẹ ọ̀dà dúdú síbẹ̀, kí ó lè dà bí ibi tí bàtà sójà ti ha ọ̀dà kúrò. Wọ́n fi pẹ́ńsù ra ojú ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀, nítorí yanrìn máa ń dán irin. Ìpẹtà tó wà lára ọ̀pá èéfín lẹ́yìn bójú mu, ooru kì í jẹ́ kí ọ̀dà pẹ́ níbẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló pọ̀ jù.

Ìwọ̀n 1/35 fúnra rẹ̀ kò ní ìṣirò kankan nínú. Tamiya ti ilẹ̀ Jàpáànì ló ṣe àwòṣe táǹkì Panther ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí wọ́n jẹ́ kó tóbi tó láti gba mọ́tò àti bátìrì. 1/35 ni ìwọ̀n rẹ̀ bọ́ sí.

Tiger 131 gan-an wà ní Bovington, ní Dorset, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́.