Ẹ̀sìn Búdà àti Ìbéèrè nípa Ẹni tí Ń Gbé Inú Ara

Ní Ìbàdàn àtijọ́, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba títí wọ Bẹyẹrúnkà, kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Mùsùlùmí tó ń kírun ní mọ́sáláṣí ńlá Ọjà'ba ń sọ ọ́. Onígbàgbọ́ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbọ́ ìwàásù lẹ́nu David Hinderer, tó tẹ̀dó sí Kúdẹtì pẹ̀lú Anna aya rẹ̀ ní ọdún 1853, ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀jẹ̀ tó ń tẹ̀lé eégún kiri ìlú. Ohun tó ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ gbà láìjiyàn pé ẹnì kan ń bẹ nínú ara tí kì í ṣe ara, pé òun gan-an ló wá ná ọjà ayé, òun náà ni yóò sì padà sílé. Ẹ̀sìn Búdà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà ní nǹkan bí 500 ọdún kí a tó bí Jésù, ta ko èyí láti ìpìlẹ̀: ó ní kí olúkúlùkù yẹ ara rẹ̀ wò fínnífínní, nítorí pé bí ó bá wò ó tán, kò ní rí ẹni náà.

Ó lè dà bí ẹni pé ẹ̀kọ́ yìí jìnnà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bárékè àwọn ológun tó wà ní Mọ́kọ́lá ń jẹ́ Letmauk, orúkọ ibì kan ní Bọ́má, ilẹ̀ tó ti di Myanmar báyìí, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, ti bá àwọn ará Japan jà ní ọdún 1945. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni wọ́n gba Myohaung, ìlú ọba àtijọ́ tí tẹ́ńpìlì Búdà pọ̀ sí, tí ọ̀kan nínú wọn, Shitthaung, jẹ́ èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé ère Búdà 80,000 wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ilẹ̀ Yorùbá dé ibẹ̀, tó rí àwọn ènìyàn lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ère, yóò tètè sọ pé òrìṣà ni wọ́n ń bọ, àṣìsọ tó ṣì wọ́pọ̀ dòní tó sì ń bo ẹ̀kọ́ náà mọ́lẹ̀. Búdà kì í ṣe Ẹlẹ́dàá. Ènìyàn ni, Siddhartha Gautama lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní Lumbini, ní ilẹ̀ Nepal òde òní. Ìtàn sọ pé ó fi ààfin sílẹ̀ ní ẹni ọdún 29 lẹ́yìn tó ti rí arúgbó, aláìsàn àti òkú, pé ojú inú rẹ̀ là ní ẹni ọdún 35 lábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya, ó sì ń kọ́ni títí ó fi kú ní ẹni 80 ọdún.

Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé kò sí nǹkan kan láyé tó dúró sójú kan: gbogbo wọn ló ti ara ohun mìíràn wáyé, bí èyí tó gbé wọn ró bá sì yẹ̀, àwọn náà á yẹ̀. Láti orí òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn ìlú ti wà láti ọdún 1929, ènìyàn lè rí bí pàánù àwọn agbo ilé ìsàlẹ̀ ṣe pọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ sí pé ọjọ́ náà ni wọ́n dípẹtà; òjò, ọyẹ́ àti èéfín ìdáná ló ń ṣiṣẹ́ lára wọn láìdúró. Búdà ní bẹ́ẹ̀ ni ara, ọrọ̀ àti inú dídùn rí, ibẹ̀ sì ni dukkha ti wá, èyí tí kì í ṣe ìrora nìkan, bí kò ṣe àìfararọ tó ń bá ẹni tó di ohun tó ń yọ́ mú bí ẹni pé kò ní yọ́ láéláé.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti le jù ni ti ènìyàn fúnra rẹ̀. Búdà ní ohun márùn-ún ló para pọ̀ di ènìyàn: ara, ìmọ̀lára, ì báà dùn, ì báà korò, agbára láti dá nǹkan mọ̀, èrò àti ìpinnu tó ń tini hùwà, àti mímọ̀ tó ń mọ ohun tí ojú rí tí etí sì gbọ́. Gbogbo wọn ló ń yí padà, kò sì sí ẹ̀kẹfà kankan lẹ́yìn wọn tó ní wọn. Ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní anatta. Nínú ìwé àtijọ́ kan ní èdè Pali, àlùfáà Nagasena fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣàlàyé rẹ̀ fún ọba Milinda; ní Bẹẹrẹ, ọkọ̀ èrò Micra ni ì bá fi ṣe é. Bí mẹkáníìkì bá tú ọ̀kan palẹ̀, tó kó táyà sọ́tọ̀, ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀, ìjókòó àti ilẹ̀kùn sọ́tọ̀, kò sí èyí tí a lè pè ní Micra nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Micra kankan kò ṣẹ́kù lẹ́yìn wọn. Síbẹ̀ kí ó tó tú u, ọkọ̀ náà ń kó èrò lọ sí Ọjà'ba, awakọ̀ sì ń gbowó. Irọ́ kọ́ ni orúkọ náà, ohun tó kóra jọ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tó wá rò pé Búdà ní kò sí ènìyàn, kò gbọ́ ọ délẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa orí ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún Yorùbá láti gbà. Bọ́lájí Ìdòwú, tó fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ lórí Olódùmarè, tó jáde ní ọdún 1962, pé orí inú ni kókó ẹni tí ènìyàn jẹ́, òun sì ni a kúnlẹ̀ yàn. Babátúndé àti Yétúndé náà dúró lórí pé ẹni tó lọ ló padà dé. Ẹlẹ́sìn Búdà gbà pé àtúnwáyé ń bẹ, ṣùgbọ́n kò gbà pé ẹnì kan ló rìn láti ibí dé ọ̀hún. Nagasena ní bí a bá fi iná àtùpà kan tan òmíràn, kò sí ohun tó kúrò nínú ti àkọ́kọ́ bọ́ sínú èkejì, síbẹ̀ láìsí ti àkọ́kọ́, èkejì kò ní tàn. Ìwà tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ hù, tí wọ́n ń pè ní karma, ló ń so ìgbé ayé kan mọ́ ìkejì. Yorùbá náà gbà pé ìwà àti ẹsẹ̀ lè gbe orí tàbí kí wọ́n bà á jẹ́, àmọ́ nínú ẹ̀kọ́ Búdà kò sí ìkúnlẹ̀ kankan ṣáájú ìbí. Bí kò bá wá sí ẹnì kankan níbẹ̀, ta ni ń jẹ èrè ìwà? Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà fúnra wọn jiyàn lórí èyí pẹ́. Ẹgbẹ́ Pudgalavada láyé àtijọ́ ní ẹnì kan ń bẹ lọ́nà kan ṣá, àwọn yòókù sì takò wọ́n gidigidi.

Nirvana, tí í ṣe òpin ìrìn àjò náà, kì í ṣe ibì kan bí ọ̀run rere. Iná mẹ́ta ló kú níbẹ̀: ojúkòkòrò, ìkórìíra àti àìmọ̀. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ pín sí mẹ́jọ, láti orí òye tó tọ́ dé orí àṣàrò, iṣẹ́ òòjọ́ sì wà nínú wọn, nítorí ẹni tó ń ta ohun ìjà, ènìyàn, ẹran, ọtí tàbí májèlé kò lè sọ pé òun ń tọ̀ ọ́. Méjì àkọ́kọ́ nínú òwò wọ̀nyí wà lára ohun tó sọ àwọn ọlọ́lá Ìbàdàn di ọlọ́lá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ní Bọ́má, àwọn àlùfáà ka nirvana sí ohun tó lè gba ìgbé ayé púpọ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dé Nàìjíríà yàtọ̀. Soka Gakkai, ẹgbẹ́ tí Tsunesaburo Makiguchi àti Josei Toda dá sílẹ̀ ní Japan ní ọdún 1930, ní ọmọ ẹgbẹ́ níbí, wọ́n sì ń pe Nam-myoho-renge-kyo láàárọ̀ àti lálẹ́ nínú ilé ara wọn, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé olúkúlùkù, ì báà jẹ́ ìyálọ́jà, awakọ̀ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, ni ojú inú rẹ̀ lè là láyé yìí, láìfi ọmọ àti iṣẹ́ sílẹ̀.