Ọkọ̀ Ìṣeré Bàbá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, mélòó nínú wa ni kò ní yàrá ẹ̀yìn kan tí a ń kó àlòkù sí? Níbẹ̀ ni ìkòkò tí ó ti jò wà, níbẹ̀ ni àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán wà, níbẹ̀ náà sì ni ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò rántí olówó rẹ̀ mọ́ wà. Bí a bá fẹ́ tún ilé ṣe, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ohun tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ kọ́ mi nílé ọkọ mi ní Ìlaró ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ohun tí kì í ṣe tèmi. Nígbà tí mo sì fẹ́ tún un ṣe, díẹ̀ ni ó kù kí n fi pa ọmọ mi lára.

Ọjọ́ tí oníṣòwò irin dé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ti ọmọlanke káàkiri ìlú láti ra irin àlòkù dúró ní ẹnu ọ̀nà wa. Mo kó páànù tí ó ti dípẹtà àti férémù kẹ̀kẹ́ kan jáde fún un. Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì wọ́ ohun ńlá kan jáde láti ìsàlẹ̀ ẹrù, èyí tí mo rò pé ó jẹ́ apá kan lára mọ́tò. Ọmọkùnrin náà wò ó yíká, ó ní òun yóò san ₦4,000 lé e. Inú mi dùn, mo ní owó ọbẹ̀ ti dé.

Bàbá ọkọ mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ nígbà náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, a sì máa ń dúró pẹ́ kí a tó gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu wọn. Lójijì ni mo gbọ́ tí wọ́n ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Nígbà tí mo sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n na ọwọ́ òsì sí ọmọlanke náà, omi sì ti lé ròrò sí wọn lójú.

Wọ́n ní, “Ìyàwó . . . ọkọ̀ . . . mi.”

Ojú tì mí gidigidi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. N kò mọ̀ pé tiyín ni.” Mo bẹ ọmọkùnrin náà, ó sì gbé irin náà sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi ti Abẹ́òkúta dé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lọ́yẹ. Bàbá tí ó bí bàbá wọn ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin Ìlaró, ní ayé ìgbà tí rélùwéè ń ti Ìfọ̀ gba Ìlaró lọ sí Ìdógò. Ní ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira, òyìnbó kan tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀ fi mọ́tò ìṣeré tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà jù ta bàbá àgbà lọ́rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Bàbá nígbà náà. Kì í ṣe ọkọ̀ kékeré tí a ń fi okùn fà o. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, irin sì ni gbogbo ara rẹ̀. Ọmọ yóò wọ inú rẹ̀, yóò di sítíárín mú, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ pẹ́dà tí ń yí táyà. Gbogbo ọmọ àdúgbò ni ó wà á rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú ẹ̀pà wá ni Bàbá ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gùn ún.

Àwọn tí ó ṣe é

Orúkọ Austin ni ó wà níwájú ọkọ̀ náà. Ọkọ mi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì rí i pé irú èyí tí wọ́n ń pè ní J40 ni. Ìtàn tí ó bá a rìn yà wá lẹ́nu.

Ní ọdún 1949 ni ilé-iṣẹ́ mọ́tò Austin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ìlú Bargoed, ní gúúsù Wales. Ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ni agbègbè yẹn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni eruku èédú ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ débi pé wọn kò lè wọ inú kòtò mọ́. Nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ tí agbára wọn ká. Àjẹkù irin tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti gé irin mọ́tò àwọn àgbà ni wọ́n sì fi ń ṣe mọ́tò àwọn ọmọdé. Síbẹ̀, iṣẹ́ wọn kò ní àbùkù: iná iwájú rẹ̀ ń tàn, fèrè rẹ̀ ń dún, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣí, a sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà rẹ̀. Kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1971, wọ́n ti ṣe èyí tí ó lé ní 32,000.

Mo jókòó ti Bàbá, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì wo ọwọ́ ọ̀tún wọn.

“Àwọn aláìsàn . . . ni ó ṣe é?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé àpótí sípánà wọn wá.

Àṣìṣe mi

Ìtara ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mú ọ̀bẹ àti sáńpépà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ha ọ̀dà àtijọ́ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Eruku bo ilẹ̀. Ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ń ṣa èépá ọ̀dà náà, ó ń tò ó sínú agolo, ó sì ń fi ìka sẹ́nu.

Ìyá kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó fẹ̀yìn tì ń kọjá lọ. Wọ́n kígbe pé, “Ìyàwó, dúró! Gbé ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀!” Lẹ́yìn tí mo ti fọ ọwọ́ àti ẹnu ọmọ náà tán ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi.

Ní ayé àtijọ́, a máa ń po òjé mọ́ ọ̀dà kí àwọ̀ rẹ̀ lè mọ́lẹ̀, kí ó tètè gbẹ, kí ó sì pẹ́. Òjé yìí sì jẹ́ májèlé. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi fi òfin dè é nínú ọ̀dà ilé àti ti ohun ìṣeré ọmọdé ní ọdún 1978. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè pa ènìyàn lára. Bí ọmọdé àti àgbà bá gbé ìwọ̀n kan náà mì, èyí tí yóò wọ ara ọmọdé lè tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbà. Ó ń ba ọpọlọ jẹ́, ó sì ń dí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá lè má rí àmì kankan ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó ti sùn sínú egungun obìnrin tẹ́lẹ̀ pàápàá lè jáde nígbà oyún, kí ó sì dé ara ọmọ inú. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní ọdún 2010: eruku òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ pa ọmọdé tí ó lé ní 400.

A gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ní gbogbo ọjọ́ tí a fi dúró de èsì, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. A dúpẹ́ pé dókítà ní ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kí n má ṣe jẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ohun ìṣeré àtijọ́ tí a kùn ní ọ̀dà, ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn:

1. Kí ọmọdé àti aboyún jìnnà pátápátá sí ibi iṣẹ́ náà.

2. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe é, lórí ọ̀rá tí ó fẹ̀, kì í ṣe nínú ilé tàbí lẹ́bàá kànga.

3. A kò gbọdọ̀ ha ọ̀dà náà ní gbígbẹ, a kò sì gbọdọ̀ fi iná sun ún. Kí a fi omi rin ín, kí a máa fi sáńpépà tí ń gba omi fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

4. Kí ẹni tí ń ṣe é lo ìbòmú tí a ṣe fún eruku àti ìbọ̀wọ́. Kí ó wẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ, kí a sì fọ aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀.

5. Kí a ká ọ̀rá náà pọ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀, kí a dì í dáadáa. A kò gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá a, a kò sì gbọdọ̀ dà á sí oko ẹ̀fọ́.

6. Bí a bá ń ra ọ̀dà tuntun, kí a béèrè èyí tí kò ní òjé, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án.

Ọkọ mi àti oníṣẹ́ ọ̀dà kan ni ó parí èyí tí ó kù, ní ẹ̀yìn ilé.

Bí a ti rí ẹ̀yà ara ọkọ̀

Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlaró tí a ti lè ra ẹ̀yà ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí a kò bá rí àdàn, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ìpata ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà tán, nítorí náà panẹ́lì-bítà gé irin lára ilẹ̀kùn fíríìjì àlòkù, ó sì lù ú títí ó fi bá ara ọkọ̀ mu. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹrà. A rí kẹ̀kẹ́ ọmọdé tòkúnbọ̀ méjì tí férémù wọn ti kán, lọ́wọ́ obìnrin kan tí ń kó ọjà wá láti Ìdìrókò, fọ́kanáísà sì bá wa yọ táyà àti túùbù wọn. Irin bẹ́ẹ̀dì ni jórinjórin tẹ̀ fún wa tí ó fi di ọ̀pá pẹ́dà. Aránjókòó ọ̀kadà fi àjẹkù aláwọ̀ pupa bo ìjókòó.

Sítíárín ni ó yọ wá lẹ́nu jù, nítorí ìlàjì rẹ̀ ti sọnù. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ayétòrò, tí ó máa ń tún igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe, ni ó gbẹ́ òmíràn fún wa láti ara odó ìrókò tí ó ti là. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yewa mọ̀ pé iṣẹ́ àtúnṣe kò ṣàjèjì sí wa. Eré tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún ìran ènìyàn ní ọdún 2008 fún Nàìjíríà, Benin àti Togo. Àwọn igi kan wà nínú rẹ̀ tí ère orí wọn ń mira bí a bá fa okùn wọn, a sì máa ń tún wọn kùn kí wọ́n tó jáde. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ Bàbá pẹ̀lú ti di ẹni tí ó ń múra òde.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó bọ́ sí i fún wa. Fèrè rẹ̀ kọ̀ láti dún, aago kẹ̀kẹ́ ni a fi rọ́pò rẹ̀. Bí a bá sì ṣírò owó tí a ná, ó ju iye tí a lè fi ra ohun ìṣeré tuntun lọ.

Iṣẹ́ Bàbá

Iṣẹ́ ti Bàbá ni gbogbo bóòtù àti nọ́ọ̀tù, lẹ́yìn tí a ti fọ̀ wọ́n mọ́. Ní àràárọ̀ ni mo ń gbé wọn síwájú wọn nínú àwo. Wọn yóò fi ọwọ́ òsì di bóòtù mú, wọn yóò sì fi ọ̀tún gbìyànjú láti yí nọ́ọ̀tù wọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹyọ kan kò wọlé. Nígbà mìíràn wọn a fi ìbínú da àwo nù, èmi a sì ṣà á láìsọ̀rọ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì ní kí n má ṣe bá wọn ṣe é, pé àṣetúnṣe ni ọwọ́ tí àìsàn dá dúró fi ń kọ́ iṣẹ́ padà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nọ́ọ̀tù kan wọlé. Wọ́n pè mí láti ilé ìdáná, wọ́n ní kí n wá wò ó.

N kò sọ pé ọkọ̀ wo Bàbá sàn o. Oògùn wọn ṣì wà, ìlọsílé ìwòsàn ṣì wà, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ṣáájú àkókò náà, mo máa ń gbé oúnjẹ fún wọn, mo sì máa ń kọjá lọ. Nísinsin yìí, mo máa ń jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó, kí ẹ tó pe ẹni tí ń ra irin, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó wà nílé. Kí ẹ sì tó gbé ohun àtijọ́ fún ọmọ, ẹ yẹ ọ̀dà ara rẹ̀ wò. Ohun ọ̀wọ́n lè wà nínú yàrá ẹ̀yìn, májèlé sì lè wà lára ohun kan náà.

Ní ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ náà jáde, àwọ̀ ewé ni ó wọ̀, àwọn ọmọ méjì mi sì ń jà nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wà á. Bàbá fi ọ̀pá lu ilẹ̀, gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, ó gbọ̀n díẹ̀, wọ́n sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní, “Ẹ̀pà mi dà?”