Ohun tí Àpilẹ̀kọ Ìtàn Ń Béèrè lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́: Àpẹẹrẹ láti Ṣúpárè Àkókó

Ìfáárà
Àpilẹ̀kọ àṣekágbá jẹ́ ara ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ń ṣe kí ó tó gboyè ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló rò pé iye ojú-ìwé, ìpín orí àti títo ìwé ìtọ́kasí nìkan ni òfin iṣẹ́ náà. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé orí ìlànà kan ṣoṣo ni gbogbo òfin wọ̀nyí dúró lé: kí ẹlòmíràn lè tọ ipasẹ̀ òǹkọ̀wé, kí ó sì yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ṣúpárè, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, ni àpẹẹrẹ tí iṣẹ́ yìí lò. Ìlú náà kò jìnnà sí Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn kó wá ní 1999.

Orí-ọ̀rọ̀ àti Gbèdéke
"Ìtàn Ṣúpárè láti ìṣẹ̀dálẹ̀ títí di òní" ti fẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá yàn án yóò máa fò láti orí ìtẹ̀dó dé orí ogun Núpé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, láìfìdí ọ̀kan múlẹ̀. Ṣùgbọ́n "Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣúpárè, 1955 sí 1966" ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tí ó nídìí. January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. January 1966 ni àwọn ológun gbàjọba. Ó tún kù kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìbéèrè pàtó: irú àwọn ọmọ wo ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mú wọ ilé-ìwé tí wọn kì bá tí dé ibẹ̀? Iṣẹ́ tí kò dáhùn ìbéèrè kankan, àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ lásán ni.

Ẹ̀rí inú Ìwé
Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni èyí tí ó wá láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ tàbí lẹ́nu ẹni tí ó ṣojú rẹ̀; ẹ̀rí kejì ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí ó kọ lẹ́yìn náà. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́ ẹ̀rí àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì ìjọba amúnisìn lórí Ẹkùn Oǹdó, tí ó wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìtàn Orílẹ̀-Èdè nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kenneth Dike, tí ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè Niger Delta jáde ní 1956, ni olùdarí àkọ́kọ́ ilé àkójọ náà. Síbẹ̀, fáìlì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wádìí ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí ó kọ ọ́ sí, àti ohun tí ó ń wá.

Ẹ̀rí Ẹnu
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nínú àpilẹ̀kọ, àrọ́bá gbọ́dọ̀ ní olúwa rẹ̀. "Àwọn àgbà Ṣúpárè sọ pé" kò tó. Orúkọ abẹ́nà ìmọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ tàbí oyè rẹ̀, ibi tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti wáyé àti ọjọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó hàn, bí òun fúnra rẹ̀ bá ti yọ̀ǹda. Bí kò bá rántí ọdún, a lè fi òmìnira 1960 tàbí ìdìbò 1965 ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ó bá sọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ará àdúgbò mìíràn àti ti ìwé ilé-ìwé. Bí ẹ̀rí bá takora, kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi gba ọ̀kan.

Ìtọ́kasí
Nọ́mbà fáìlì, ojú-ìwé àti ọjọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn ni ọ̀nà tí òǹkàwé yóò gbà dé ibi ẹ̀rí. Èrò ẹlòmíràn tí a kò tọ́ka sí, olè ni, kódà bí a bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ìkádìí
Àpilẹ̀kọ kì í parí sọ́wọ́ olùyẹ̀wò. Ó lè di ohun tí àwọn ará ìlú ń tọ́ka sí nínú aáwọ̀ oyè tàbí ti ààlà ilẹ̀, irọ́ inú rẹ̀ yóò sì di ẹ̀rí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ ní 2018 kí ẹ̀kọ́ ìtàn padà sí ilé-ìwé, olùkọ́ tún nílò ìtàn ìlú tí ó ṣeé gbára lé. Àwọn tí wọ́n wọ ilé-ìwé ní 1955 ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ dáadáa lónìí ni yóò ṣẹ́kù nígbà tí kò bá sí ẹni tí a lè bi mọ́.