Rédíò Tí A Ń Fi Ọwọ́ Yí: Ohun Tí Ẹni Tí Ó Rà Á Lè Retí

Láti ìgbà tí àwọn baba wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ènìyàn láti inú àpótí ni wọ́n ti ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í dúró gba èsì. Ohun tí ó sábà máa ń pa á lẹ́nu mọ́ ni àìsí agbára: iná mànàmáná lọ, tàbí bátìrì kú. Ìgbà tí èyí sì ń ṣẹlẹ̀ jù ni ìgbà tí a ń fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ jù, nígbà tí ìjì bá wó òpó iná, tí omi bá gba ojú ọ̀nà, tí ilé ìtajà gbogbo sì ti ìlẹ̀kùn. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá rédíò tí a ń fi ọwọ́ yí. Ó ti wà ní ọjà wa, àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní òkè òkun pẹ̀lú sì ń fi í ránṣẹ́ sí ilé. Àwọn kan ń rà á pẹ̀lú ìrètí tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn ẹlòmíràn ń fi ojú ohun ìṣeré ọmọdé wò ó. Ìhà méjèèjì kò tọ́. Ó yẹ kí olúkúlùkù mọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, kí owó tó kúrò ní ọwọ́ rẹ̀.

BÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Trevor Baylis, ni ó sọ irú rédíò yìí di olókìkí. Ní ọdún 1991, ó ń wo ètò kan lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nípa àrùn AIDS ní Áfíríkà. Ó gbọ́ níbẹ̀ pé rédíò ni ìbá mú ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìgbèríko, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò sí lọ́dọ̀ wọn, bátìrì sì wọ́n ju agbára wọn lọ. Baylis wá rántí giramafóònù àtijọ́ tí a máa ń fi ọwọ́ yí kí ó tó kọrin. Ó rò ó pé bí irin tí a ká bá lè yí àwo orin, ó yẹ kí ó lè yí dínámò kékeré pẹ̀lú. Ní ọdún 1994 a fi iṣẹ́ rẹ̀ han gbogbo ènìyàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán BBC. Lẹ́yìn èyí ni a dá ilé iṣẹ́ BayGen sílẹ̀ ní ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó ń ṣe rédíò náà tí a ń pè ní Freeplay. Àwọn abirùn sì wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tò ó pọ̀. Baylis kú ní ọdún 2018.

Rédíò àkọ́kọ́ yẹn tóbi, ó sì wúwo. Irin pẹlẹbẹ gígùn kan ni a ká sínú rẹ̀, bí irú èyí tí ó wà nínú aago ògiri. Bí a bá yí i dáadáa fún bí ìṣẹ́jú kan, irin náà yóò máa tú díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa yí dínámò, rédíò yóò sì sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Èyí tí ó pọ̀ ní ọjà lónìí yàtọ̀ sí i. Ó kéré, ó fúyẹ́, kò sì sí irin kíká nínú rẹ̀. Ọwọ́ kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yí dínámò, gẹ́gẹ́ bí táyà kẹ̀kẹ́ ti ń yí dínámò tí ń tan iná kẹ̀kẹ́. Iná tí dínámò mú jáde ń lọ sínú bátìrì kékeré kan, láti inú bátìrì yìí ni rédíò sì ti ń gba agbára tí ó fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí bátìrì yìí, nítorí láti inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ra rédíò yìí ti ń jáde.

OHUN TÍ APÁ ÈNÌYÀN LÈ MÚ WÁ

Wáàtì ni a fi ń wọn agbára iná. Àgbàlagbà tí ó ń yí ọwọ́ rédíò yìí ní yíyí méjì-méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan kì í sábà mú ju wáàtì 1 sí 3 jáde. Èyí kò tó tan ọ̀pọ̀ nínú àwọn gílóòbù tí a fi sínú yàrá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ kò gba agbára púpọ̀ lọ́wọ́ rédíò: rédíò kékeré tí a rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lè má jẹ ju ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá wáàtì kan. Nítorí náà, bí a bá yí i fún ìṣẹ́jú 1, a lè gbọ́ ọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bí a bá sì yí i fún ìṣẹ́jú 3 tàbí 4, a ó gbọ́ ìròyìn tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ti èyí, rédíò aláfọwọ́yí tí ó dára kì í tan ẹni tí ó rà á.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni ẹ̀tàn wà. Lára páálí rẹ̀ ni a sábà kọ ọ́ sí pé ó ń fi agbára sínú fóònù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tìtorí èyí rà á. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bátìrì fóònù tí ó jẹ́ 5000 mAh, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lónìí, ń fẹ́ agbára tí ó tó wáàtì 18 fún odindi wákàtí kan kí ó tó kún. Ẹni tí apá rẹ̀ ń mú wáàtì 2 jáde ní láti yí i fún wákàtí 9 láìsinmi, a kò sì tíì ka èyí tí yóò ṣòfò lójú ọ̀nà. Àgbẹ̀ tí ó mọ bí wákàtí mẹ́sàn-án ti rí lẹ́yìn ọkọ́ yóò mọ̀ pé èyí kò ṣeé ṣe. Bí fóònù bá ti kú pátápátá, yíyí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún lè mú kí a pe ẹnì kan, kí a sọ ibi tí a wà, kí a sì dákẹ́. Ìyẹn lè gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Púpọ̀ nínú wọn ní ojú tí ń gba agbára oòrùn ní orí wọn pẹ̀lú. Ojú náà kéré, kò sì lè yára kún bátìrì. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ilẹ̀ wa bá ràn sí i láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a lè rí ọ̀rọ̀ gbọ́ ní alẹ́ láìyí ọwọ́ rárá. Ẹni tí ó ti dàgbà tàbí tí oríkèé ń dùn yóò rí i pé ojú oòrùn yìí wúlò fún òun ju ọwọ́ yíyí lọ.

ỌJỌ́ TÍ Ó WÚLÒ

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, iná mànàmáná kú ní ọ̀sán gangan ní ilẹ̀ Sípéènì àti Pọtogí, ó sì pẹ́ kí ó tó padà. Fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì ń kóra jọ yí ẹni tí ó ní rédíò oníbátìrì ká láti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn sáré lọ sí ilé ìtajà lọ ra rédíò. Ní erékùṣù Puerto Rico, nígbà tí ìjì Maria jà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, iná lọ ní gbogbo erékùṣù náà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rédíò WAPA ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ní rédíò tí ń ṣiṣẹ́ sì gbọ́ ọ. Ìjọba ilẹ̀ Sweden fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí ilé gbogbo ní ọdún 2018, wọ́n sì ka rédíò tí ń lo bátìrì, tàbí oòrùn, tàbí ọwọ́ yíyí mọ́ ohun tí ó yẹ kí a ní sílé de ọjọ́ ìṣòro.

Àwa náà kò ṣe àjèjì sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ìkún omi tún ṣe ọṣẹ́ ńlá ní ìlú kan náà. Ní ọdún 2022, ìkún omi gba ẹ̀mí tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò ní ilé wọn. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò Ògùn mọ̀ pé bí omi bá pọ̀ jù ní ìsédò Ọ̀yán, a ń tú u sílẹ̀ sínú odò náà, a sì máa ń kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, bí asọ̀rọ̀mágbèsì inú ilé bá ti yadi?

BÍ A TI Ń DÁN AN WÒ KÍ A TÓ RÀ Á

Èkíní, kí ẹ yí i lójú ọlọ́jà. Bí dínámò bá ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ yóò wúwo díẹ̀, bí kẹ̀kẹ́ ti ń wúwo nígbà tí dínámò bá kan táyà, iná kékeré kan yóò sì sábà tàn láti fi hàn pé agbára ń wọlé. Bí ọwọ́ bá ń yí fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ bí ohun tí kò so mọ́ nǹkan kan, kí ẹ gbé e sílẹ̀. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí rédíò tí a ti fi wáyà kún tẹ́lẹ̀ tàn yín; ohùn rẹ̀ kò ní í sọ bóyá ọwọ́ rẹ̀ dára.

Èkejì, kí ẹ wo ọwọ́ náà fínnífínní, pàápàá ibi tí ó ti ń ṣẹ́ po. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ni ó sì ti ń dá. Bí ọwọ́ bá ti dá, rédíò aláfọwọ́yí ti di rédíò lásán.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ béèrè bóyá a lè ṣí i láti pààrọ̀ bátìrì inú rẹ̀, àti bóyá ó ní ibi tí a lè fi bátìrì ọjà sí. Èyí tí ó ń lo ọwọ́, oòrùn àti bátìrì ọjà papọ̀ ni ó dára jù, nítorí bí ọ̀kan bá kùnà, òmíràn yóò dìde.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ wo ìlà ìkànnì rẹ̀. FM ń mú ohùn kedere wá láti ìtòsí, ṣùgbọ́n òkè lè dí i lọ́nà. AM ń rin ọ̀nà jíjìn, pàápàá ní òru, SW sì ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ọ̀pọ̀ èyí tí ó ń ti Amẹ́ríkà wá ní àmì WB pẹ̀lú, láti 162.400 dé 162.550 MHz. Ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ ni ó ń gbà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó sì wúlò púpọ̀ fún àwọn ènìyàn wa tí ń gbé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa níhìn-ín ẹ kò ní í gbọ́ nǹkan kan lórí rẹ̀. Kí ẹ má ṣe san owó kún owó nítorí rẹ̀.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ rédíò yìí ni kò kú sí ẹnu iṣẹ́, inú àpótí ni wọ́n kú sí. A rà á, a yí i lẹ́ẹ̀mejì fún àwọn ọmọ láti wò, a sì gbé e pamọ́ fún ọdún méjì. Nígbà tí ọjọ́ ìṣòro dé, bátìrì inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nítorí pé ó ṣófo pẹ́ jù. A ń yí i, a ń làágùn, ohùn rẹ̀ kò sì jáde, tàbí kí ó jáde níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá ń yí nìkan. Nítorí náà, kí a máa fi wáyà tàbí oòrùn kún un lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a sì yí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó má baà le. Kí a má ṣe fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, nítorí ooru ń ba bátìrì jẹ́. Bí bátìrì ọjà bá wà nínú rẹ̀ tí a kò sì lò ó, kí a yọ ọ́ kúrò kí omi rẹ̀ má baà jò. Kí a fi ọ̀rá dì í ní àkókò òjò. Kí a kọ nọ́ńbà ìkànnì tí a ti ń gbọ́ ìròyìn ní èdè wa sára rẹ̀, kí ọmọdé pàápàá lè rí i ní òru.

TA NI Ó YẸ KÍ Ó RÀ Á?

Ẹni tí ó ti ní rédíò dáadáa tí ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì kò ní láti kánjú. Kí ó fi bátìrì tuntun méjì-mẹ́ta pamọ́, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láìyí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé ní etí odò, tàbí ní abúlé tí ó jìnnà sí ọjà, tàbí tí fóònù nìkan jẹ́ etí fún un, ìdí wà fún un láti ní rédíò tí apá rẹ̀ lè jí dìde. Kí ó rà á fún ọ̀rọ̀ gbígbọ́, kí ó má ṣe rà á fún fóònù.

Ẹni tí ó bá sì rà á, kí ó mú kálámù, kí ó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kàlẹ́ńdà yìí. Ní ọjọ́ náà, kí ó gbé rédíò rẹ̀ jáde, kí ó yí i, kí ó sì gbọ́ bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀.