Bí Wọ́n Bá Dìbò Yàn Ọ́ sí Ìgbìmọ̀, Ta Ni Ọ̀gá Rẹ?

Ní àkókò ìpalẹ̀mọ́ ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìbéèrè kan náà ni a máa ń gbọ́ ní ọ́fíìsì wa. Ọmọ ẹgbẹ́ kan á wá, á ní wọ́n ń rọ òun kí òun jáde fún ipò akápò tàbí ti ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, kí ni kí òun ti mọ̀ kí òun tó gbà? Àwọn mìíràn wà nínú yín tí wọ́n jẹ́ olùṣirò owó, nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń fẹ́ kí wọ́n du ipò nínú ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ipò méjèèjì jọra lójú, nítorí pé ìbò lè gbé ènìyàn dé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn lè ba ibi tí a rán an sí jẹ́.

A ó fi ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àlàyé. A yan tiwọn nítorí pé ìtàn náà ti parí: a mọ ìgbà tí ìbò wọ inú ìgbìmọ̀ wọn, a mọ ìgbà tí ó jáde, a sì mọ ohun tí ó lé e jáde.

ÌWÉ ORÚKỌ

Ṣáájú ọdún 1858, kò sí ìwé kan ṣoṣo tí aláìsàn lè wò níbẹ̀ láti mọ dókítà tí ó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ń gbé àpò egbòogi kiri. Ní ọdún náà ni ilé aṣòfin ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí General Medical Council, tí wọ́n ń gé kúrú sí GMC. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú ìwé tí a kọ orúkọ àwọn dókítà sí, láti máa ṣọ́ bí a ṣe ń kọ́ wọn, àti láti pa orúkọ ẹni tí ó bá hùwà ìtìjú rẹ́. Ẹni tí wọ́n bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ dí nìyẹn.

Kí ẹ fara balẹ̀ síbí. Owó àwọn dókítà ni a fi ń gbọ́ bùkátà ìgbìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n nítorí àwọn aláìsàn ni a ṣe dá a sílẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó ń jà fún owó oṣù dókítà. British Medical Association ni ó ń ṣe ìyẹn, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni. Tiwa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ará Rochdale ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1844, ọmọ ẹgbẹ́ ló ni owó, ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò, ọmọ ẹgbẹ́ náà ni a sì ń ṣiṣẹ́ fún. Lọ́dọ̀ àwọn dókítà, ẹni tí ó ń dìbò ń bẹ lápá kan, ẹni tí a ń ṣiṣẹ́ fún ń bẹ lápá kejì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá.

OWÓ PỌ́N-ÙN MÉJÌ

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ náà tí àwọn dókítà lápapọ̀ dìbò yàn. Àwọn yunifásítì, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn àti ìjọba ni wọ́n ń fi ènìyàn ránṣẹ́. Òfin ọdún 1886 fún àwọn dókítà ní àyè márùn-ún láti dìbò sí. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, 11 péré ni ìbò ń gbé wọlé nínú ènìyàn 46.

Ní ọdún 1970 ni ìgbìmọ̀ náà wá ní kí dókítà kọ̀ọ̀kan máa san pọ́n-ùn méjì lọ́dọọdún kí orúkọ rẹ̀ lè wà nínú ìwé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kọ̀ jálẹ̀. Kì í ṣe pé owó náà pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé a ń gba owó lọ́wọ́ wọn ní ibi tí wọn kò ti lóhùn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń pariwo nígbà tí ìgbìmọ̀ bá fi kún owó-orí láìpe ìpàdé yóò mọ ohun tí à ń wí. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1972 lábẹ́ Alec Merrison, ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1975, òfin tuntun sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1978. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tuntun jókòó ní ọdún 1979, ènìyàn 93 ni wọ́n, 50 nínú wọn ni àwọn dókítà fi ìbò yàn. Ìbò ti borí.

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÌBÒ

Ẹni tí ó fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kí àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Kò sí pápá tí wọ́n lè péjọ sí, kò sí ìlù, kò sí aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ṣókí tí ó kọ nípa ara rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilé àwọn olùdìbò pẹ̀lú ìwé ìbò, nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ìbò náà kì í ṣe títẹ̀ka lásán. Olùdìbò ń kọ 1 sí iwájú orúkọ ẹni tí ó wù ú jù, ó ń kọ 2 sí ti ẹni tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àyè mẹ́ta ni a ń dù, olùdìbò sì jẹ́ 400. Ẹni tí ó bá ti ní ìbò 101 ti wọlé, nítorí pé ènìyàn mẹ́rin kò lè ní 101 lẹ́ẹ̀kan náà nínú 400. Bí ẹnì kan bá ní 151, àádọ́ta tí ó lé kò ṣòfò. A ó pín in fún àwọn tí àwọn olùdìbò rẹ̀ kọ 2 sí. Bí kò bá sí ẹni tí ó tó 101 mọ́, ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré jù ni a ó yọ, a ó sì gbé ìwé rẹ̀ fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni àwọn díẹ̀ tí wọ́n fọ́n káàkiri ṣe lè kó ara wọn jọ. Lábẹ́ ètò yìí ni àwọn obìnrin àti àwọn dókítà tí wọ́n ti òkèèrè wá ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi rí àyè jókòó. Àwa fẹ́ràn ètò náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí apá kan ń gbé gbogbo ipò lọ́dọọdún ni ìbá sì ṣe láǹfààní.

DÓKÍTÀ SHIPMAN

Nísinsìnyí, ẹ wo iṣẹ́ tí ń dúró de ẹni tí ó wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà fúnra wọn ni wọ́n ń jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nígbà tí aláìsàn bá mú ẹjọ́ dókítà wá. Ẹni tí ó dìbò fún ọ lánàá lè dúró níwájú rẹ lónìí.

Dókítà kan wà tí ń jẹ́ Harold Shipman. Ní ọdún 1976, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó ń fi ìwé èké gba oògùn líle fún ìlò ara rẹ̀. GMC kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé. Ó kó lọ sí ìlú Hyde, ó ń tọ́jú aláìsàn. Ní oṣù January ọdún 2000, ilé ẹjọ́ rí i pé ó pa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn. Ìwádìí tí Adájọ́ Janet Smith ṣe lẹ́yìn náà rí i pé àwọn tí ó pa tó 215.

Ní ọdún 2004, adájọ́ yìí bu ẹnu àtẹ́ lu GMC pé ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ni ó ń jẹ ẹ́ lógún ju ààbò aláìsàn lọ. Ó sì tọ́ka sí ìbò: ẹni tí a dìbò yàn lè máa rò pé aṣojú àwọn tí ó yan òun ni òun jẹ́. Wọ́n ti dín ìgbìmọ̀ náà kù sí 35 ní ọdún 2003, àwọn tí ìbò gbé wọlé sì jẹ́ 19 nínú wọn. Láti ọdún 2009, ìbò dópin pátápátá. Wọ́n di 24, ìdajì jẹ́ dókítà, ìdajì kì í ṣe dókítà, yíyàn ni a sì ń yàn wọ́n. Ní ọdún 2013 wọ́n tún dín in kù sí 12, mẹ́fà sí mẹ́fà.

Àwa kò gbà pé ìbò nìkan ni ó jẹ̀bi. Ìgbìmọ̀ tí ó kọ lẹ́tà sí Shipman ní ọdún 1976 kì í ṣe èyí tí ìbò kún inú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àtijọ́ ni, èyí tí 11 péré nínú 46 jẹ́ àṣàyàn àwọn dókítà. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lè máa bo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láṣìírí. Ṣùgbọ́n ìbò fi àwáwí kan kún un tí ẹni tí a fi ránṣẹ́ kò ní, òun náà ni, "Àwọn ni wọ́n yàn mí."

LỌ́DỌ̀ WA

Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn olùṣirò owó tí wọ́n wà nínú ICAN ṣì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn. Òfin ọdún 1965 ni ó dá a sílẹ̀, olóògbé Akintola Williams sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin náà fún un ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ba iṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin olùṣirò owó tí ẹ fẹ́ jáde, bí ẹnì kan bá sọ pé òun yóò dìbò fún yín kí ẹ lè bá òun pa ẹjọ́ kan mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìbò náà lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìwé owó tí a ti yẹ̀ wò wà lára àwọn tí ẹ fẹ́ lọ ṣọ́, bí kò tilẹ̀ ní ìwé ìbò lọ́wọ́.

Ní ti àwọn tí ó fẹ́ jáde nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ọ̀gá yín, àti àwọn tí kò dìbò fún yín. A ti rí ìwé ẹgbẹ́ kan níbi tí ẹ̀yáwó ọdún méjì ti lọ sí apá ọjà kan ṣoṣo, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ wọlé. Àwọn yòókù kàn ń dá owó ni, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó wọn.

Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ ka òfin abẹ́lé ẹgbẹ́ yín lórí ẹni tí ó lè jáde. Ẹ san ẹ̀yáwó tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, kí ẹ sì wò bóyá ẹ jẹ́ onídùúró fún ẹni tí kò tíì san. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ máa lo ìbò oní-nọ́ńbà tí a ṣàlàyé lókè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún òfin abẹ́lé rẹ̀ ṣe ní ìpàdé gbogboogbò, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Olùdarí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù fún ìforúkọsílẹ̀. Bí a kò bá tíì forúkọ àtúnṣe náà sílẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ ni kí ẹ fi dìbò ti ọdún yìí.