Ẹni Tí Gbèsè Wọ̀ Lọ́rùn àti Owó Ìjọba

Ọ̀rọ̀ wa tòní kan ọ̀pọ̀ ilé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnu ibodè. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Tòmátì jẹrà nínú ọkọ̀, ẹni tó yá owó ra ọjà sì di onígbèsè láìṣẹ̀. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún lè tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba?

Ó lè tọrọ. Ṣùgbọ́n irú owó méjì ló wà. Nígbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020, ìjọba Benin fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní owó ìrànwọ́. Ẹ̀bùn nìyẹn, a kì í san án padà. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, tí àwọn obìnrin máa ń gba 30,000 fráǹkì nínú ẹgbẹ́ nígbà náà, àwìn ni. Àwìn náà ni Àlàáfíà tó dé ní ọdún 2020, tí owó rẹ̀ ń gba orí tẹlifóònù wọlé. Orúkọ rẹ̀ dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní ẹ̀bùn yóò fi gbèsè kún gbèsè.

Òfin òwò kan wà tí orílẹ̀-èdè 17 jọ ń lò, Benin àti Togo wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe ní ọdún 2015, ó kan àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń le, tí ẹ ṣì ń san gbèsè yín, ẹ lè bẹ ilé ẹjọ́ kí ó yan onílàjà sáàárín ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jẹ ní owó. Oṣù mẹ́ta ni, wọ́n sì lè fi oṣù kan kún un. Bí ẹ kò bá lè san mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ilé ẹjọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ètò kúkúrú wà fún ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 20 lọ, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò sì ju mílíọ̀nù 50 fráǹkì lọ.

Ohun tí àwọn elédè Fránsé ń pè ní « faillite personnelle » máa ń dẹ́rù bani. Nínú òfin yìí, ìjìyà ni fún ẹni tó kó ẹrù pa mọ́ tàbí tó yí ìwé òwò rẹ̀. Ẹni tí àjálù dé bá kò sí lára wọn. Kódà ẹni tí wọ́n fi ìyà náà jẹ, bó bá san gbogbo gbèsè rẹ̀ tán, òfin dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà fún un.

Ẹ má sì purọ́ fún ẹni tó fẹ́ yá yín lówó. Láti ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ kan ti wà tí báńkì àti ilé àwìn ń fi ìtàn oníbàárà ránṣẹ́ sí. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún àṣìṣe ṣe. Gbogbo rìsíìtì gbèsè tí ẹ san, ẹ tọ́jú rẹ̀; òun ni yóò jẹ́rìí fún yín. Kí ẹ tó tẹ̀ka sí ìwé tuntun, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà kan kà á sókè: iye tí ẹ gbà, iye tí ẹ ó san, ọjọ́ tí ẹ ó san án.